Ọkùnrin Inú Ọkọ̀ Pupa

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní àlá, kó pè é bẹ́ẹ̀. Afeezat kò sùn lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ Sátidé ni, ojú rẹ̀ là kedere, kò sì lo oògùn kankan. Nọ́ọ̀sì ni. Ó mọ ohun tí ibà ń fi ojú ènìyàn rí, ó mọ ohun tí òtútù ń ṣe fún ọpọlọ. Ó ti gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó jókòó sọ ọ́ fún mi. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Mi ò fi iyọ̀ sí i.

Albany Park ló ń gbé, ní àríwá Chicago, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mutmainnah. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyá wọn kú ní Ọ̀ffà. Ìwé ìgbélùú Afeezat kò tíì jáde nígbà náà, kò lè lọ. Inú fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe gbé ìyá rẹ̀ wọ ilẹ̀, lórí ìdúró, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi iṣẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ kẹ́yìn fún un ni pé, "Mutmainnah wà lọ́wọ́ ẹ o." Nígbà tí Mutmainnah wá rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọlé ní Chicago, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù pẹ̀lú àpò méjì, Afeezat mọ̀ pé ẹrù tí ìyá òun fi rán òun ni òun lọ gbà ní pápákọ̀ yẹn.

Ó gba ẹrù náà. Ṣùgbọ́n oorun kọ̀ ọ́. Á ti ibi iṣẹ́ dé, á máa wo àjà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Uthman, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn, ló mú un dé odò. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ó ń tún ọkọ̀ ojú irin ìlú ṣe. Wales ló ti kàwé nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa káyáàkì, ọkọ̀ tóóró tí ẹnì kan ṣoṣo ń kó ẹsẹ̀ sí nínú, tó ń fi àjẹ̀ olórí méjì tù.

"Odò tí mo ti kọ́ ọ ò ju gọ́tà lọ," ló máa ń wí. "Tí òjò ò bá rọ̀, òkúta lásán ni, ìdí ọkọ̀ ẹ á máa ha ilẹ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Tó bá rọ̀ lóru, tó o bá jí láàárọ̀, ó ti di ẹranko. Odò kan náà o, Nọ́ọ̀sì. Odò kan náà."

Nọ́ọ̀sì ló máa ń pè é. Kò pè é ní orúkọ rí.

Odò tí wọ́n ń wà yìí, ẹni tó bá mọ Albany Park á mọ̀ ọ́n. Ó kéré, ó gba inú igbó ìjọba wá, ó gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn kọjá. Ibì kan wà lójú ọ̀nà tí òkúta ti tò sísàlẹ̀ ní ipele mẹ́ta, omi á sì máa já bọ́ láti orí ọ̀kan sí orí èkejì, á máa hó, á máa pariwo. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń pè é. Ara òpó àwọn afárá ni wọ́n kun nọ́ńbà sí, kí ènìyàn lè mọ bí omi ṣe ga tó. Uthman ní òfin kan lórí rẹ̀, kò sì ní òmíràn. Tí omi bá wà ní méjì, òkúta ni ẹ fẹ́ lọ fi ọkọ̀ ha. Mẹ́ta sí mẹ́rin, omi dùn. Tó bá di márùn-ún, ẹ padà sílé, ẹ lọ jẹ búrẹ́dì.

Ọdún kan gbáko ni Afeezat fi kọ́ ọ. Ó wá ń rí oorun sùn. Ní ọdún kejì ó mú Mutmainnah dání.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, oṣù kẹrin ni. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti dá. Ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ àárọ̀, Uthman fi mọ́tò gbé àwọn méjèèjì àti ọkọ̀ mẹ́ta lọ sínú igbó. Ìkùukùu bo ilẹ̀. Igi tó wà níwájú ènìyàn, ó dàbí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun yà á. Wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀: aláwọ̀ ewé ti Afeezat, aláwọ̀ ìyeyè ti Mutmainnah, pupa ti Uthman. Uthman lọ wo òpó afárá.

"Mẹ́rin," ló wí bó ṣe ń bọ̀. "Ó dùn."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé òun á wa mọ́tò lọ sí ìsàlẹ̀ odò níbi tí wọ́n á ti jáde, á gbé e síbẹ̀, á wá gun kẹ̀kẹ́ padà wá bá wọn. Ogójì ìṣẹ́jú ló máa ń gbà. Kó tó lọ, ó fi ṣéènì so ọkọ̀ pupa mọ́ igi, bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, àwa mà rèé tá a dúró tì í," Mutmainnah ní.

"Chicago ni mo wà, àbúrò mi," ni Uthman wí. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó sì lọ.

Wọn ò tíì dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Afeezat ń fún okùn ẹ̀wù amúniléfòó Mutmainnah mọ́ra, tí Mutmainnah fi sọ pé, "Wọ́n ti dé."

Ó ń bọ̀ nínú ìkùukùu. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ó ti dé akoto, ó ti dè é mọ́ àgbọ̀n.

"Ó mà yá o," Afeezat wí. "Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Mo fi sílẹ̀."

"Ta ló wá gbé yín wá?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ohùn Uthman ni. Ojú Uthman ni. Afeezat yíjú padà sí okùn tó ń fún. Nígbà tó máa bojú wẹ̀yìn, ọkọ̀ pupa ti wà lórí omi, ọkùnrin náà sì ti wà nínú rẹ̀. Kò gbọ́ kí ṣéènì dún.

Uthman kì í wọ omi láìṣe Bísímíláì. Ó máa ń kígbe rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí pẹ́pẹ́yẹ á fi gbéra lórí odò. Lọ́jọ́ náà, kò sí pẹ́pẹ́yẹ tó gbéra. Afeezat ṣe ti ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ti ọkọ̀ rẹ̀ wọ omi.

Wọ́n tukọ̀ lọ. Ọkọ̀ pupa ló wà níwájú. Omi náà ń sáré, ó sì pọ́n bíi tíì onímílíìkì. Fún ìgbà díẹ̀, ohun tó ń yọ Afeezat lẹ́nu kò yé òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yé e. Kò gbọ́ ariwo mọ́tò. Títì kò jìnnà sí odò yẹn, ènìyàn kì í wà á kó má gbọ́ mọ́tò. Bàálù náà ńkọ́? Orí igbó yẹn ni bàálù máa ń gbà lọ balẹ̀, ìkùukùu kì í dá wọn dúró. Kò sí bàálù. Kò sí ẹyẹ. Ìró àjẹ̀ mẹ́ta nìkan ló wà.

Lẹ́yìn náà ló tẹ́tí sí i dáadáa. Ìró àjẹ̀ méjì ni.

Ó wo iwájú. Àjẹ̀ ọkùnrin náà ń wọ omi, ó ń jáde, ó ń wọ̀, ó ń jáde. Kò dún.

"Àǹtí mi," Mutmainnah pè é lẹ́yìn. "Ẹ wo afárá."

Afárá kejì ti yọ sí wọn. Afeezat wo òpó rẹ̀. Ó nu ojú, ó tún un wò. Omi ti bo márùn-ún mọ́lẹ̀. Mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

Wọn ò tíì lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí omi. Òjò kò sì kán.

"Ẹ̀gbọ́n!" ó kígbe. "Mẹ́fà ni o! Ẹ jẹ́ ká jáde!"

Ọkùnrin náà kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n Uthman!"

"Ó ti tó," ọkùnrin náà wí. Kò pariwo. Síbẹ̀ ohùn rẹ̀ dé etí Afeezat bí ẹni pé inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Uthman tó jẹ́ pé nítorí ìka kan tó lé lórí márùn-ún, ó ti dá wọn padà nínú òtútù rí, tí Mutmainnah bínú títí wọ́n fi délé.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, omi ń gbé wọn lọ. Etí odò níbẹ̀ ga, kò sí ibi àjáde. Afeezat mọ ibì kan ṣoṣo tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ kàn, kékeré kan báyìí, lókè Àtẹ̀gùn gan-an. Ó pariwo sí Mutmainnah pé tí wọ́n bá ti débẹ̀, kó yà. Wọ́n yà. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ méjèèjì gun orí koríko.

Ọkọ̀ pupa kò yà. Kò dúró wo omi, kò yan ọ̀nà. Ó lọ tààrà sórí Àtẹ̀gùn. Ìpele kìíní, ó sọ̀ ọ́. Ìkejì, ó sọ̀ ọ́. Ìkẹta. Ọkọ̀ náà kò tiẹ̀ mì. Ó yí sẹ́yìn òkúta ńlá kan nísàlẹ̀, níbi tí omi ti rọ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ó gbé àjẹ̀ sókè. Àmì tí Uthman kọ́ wọn ni. Ó ń sọ pé, ọ̀nà mọ́, ẹ máa bọ̀.

"Ó rí bí ohun tó rọrùn," ni Mutmainnah wí.

"A ò lọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà níbí, ẹ̀yìn igi yìí ló gbà. A máa rù ú."

"Àǹtí mi, wọ́n ní ká máa bọ̀."

"Mo ní a ò lọ."

Afeezat bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ tú aṣọ rọ́bà tó fi bo ẹnu ọkọ̀. Kò ju kí ènìyàn ka mẹ́wàá lọ. Nígbà tó gbé orí, Mutmainnah ti wà lórí omi.

Ó kígbe. Ó dúró, ó di ẹnu mú, ó ń wo ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó ń fò láti ìpele dé ìpele. Ó rí i kedere, ó sì tẹnu mọ́ ọn fún mi: Mutmainnah kò dojú dé. Ó sọ̀ ọ́ dáadáa, ó yí sẹ́yìn òkúta, ó dúró ti ọkọ̀ pupa. Àwọn méjèèjì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, nínú ìkùukùu.

Àwọn méjèèjì gbé àjẹ̀ sókè.

Afeezat ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí ni igi ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Má lọ."

Ó yíjú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn ni ẹni náà dúró sí. Omi ń ro lára rẹ̀. Kò dé akoto, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ètè rẹ̀ ti dúdú, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Uthman ni.

Afeezat wo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin inú ọkọ̀ pupa ṣì wà níbẹ̀, àjẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó tún wo ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, kò mọ èyí tó ń pè.

"Omi dà mí nù lókè lọ́hùn-ún," ni ẹni tó dúró wí. "Mo lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ìyẹn kì í ṣe èmi. Má wò ó."

"Àbúrò mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀."

"Má lọ."

Ẹni tí omi òtútù bá dà nù, àánú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ Afeezat ti nà lọ kí ọkàn rẹ̀ tó pinnu. Ó di ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó fi ìka méjì wá iṣan rẹ̀. Ó tutù bí ẹja inú fìríìsà. Ó wá iṣan náà títí. Kò rí i. Ó sún ìka, ó tún wá a. Òótọ́ ni pé bí òtútù bá wọ ènìyàn lára, iṣan ọwọ́ kì í tètè hàn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń wá a. Ọkùnrin náà ń wò ó. Kò ṣẹ́jú.

Afeezat jọ̀wọ́ ọwọ́ náà.

Nígbà náà ló ṣàkíyèsí pé Àtẹ̀gùn ti dákẹ́. Omi ń já, ó ń hó, ó ń ta sókè, kò sì dún. Ìdákẹ́jẹ́ náà wúwo bí òwú tútù tí wọ́n ki bọ̀ ọ́ létí.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wà, ọkùnrin yìí ló dúró sí i. Ọ̀nà kejì ni omi. Àbúrò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò mọ̀.

Ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ lórí koríko níbẹ̀. Aṣọ rọ́bà yẹn bọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú. Ọkùnrin náà kò sún mọ́ ọn. Kò dá a dúró. Afeezat fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ọkọ̀ náà yọ̀, imú rẹ̀ kan omi.

"Àdùfẹ́," ọkùnrin náà wí lẹ́yìn rẹ̀. "Àdùfẹ́, má lọ."

Omi ti gbé e.

Oríkì rẹ̀ ni Àdùfẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Amẹ́ríkà. Mutmainnah gan-an kò fi pè é rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé, ilẹ̀ Ọ̀ffà ló sì sùn sí.

Ó fẹ́ bojú wẹ̀yìn. Ọrùn rẹ̀ ti ń yí lọ nígbà tí ìpele kìíní ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ó já. Omi gbá a láyà. Ó fi àjẹ̀ gún un, ó tún ara rẹ̀ gbé, gbogbo rẹ̀ láìsí ìró kankan, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo fíìmù tí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ìpele kejì yí i sí ẹ̀gbẹ́. Òkúta gba ìdí ọkọ̀, ó gbọ́ ọ nínú eegun, kò gbọ́ ọ létí. Ìkẹta dojú rẹ̀ dé.

Ó wà lábẹ́ omi, orí sísàlẹ̀. Òtútù náà dàbí abẹ́rẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ohun tí Uthman ti kọ́ ọ nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ilé-ìwé, tó fi kọ́ ọ títí tó fi sunkún, ara rẹ̀ ṣe é fúnra rẹ̀: ó tẹ orí síwájú, ó na àjẹ̀ sí òkè omi, ó fi ìbàdí gbá ọkọ̀ padà. Kò ṣe é. Ó tún un ṣe. Ó yọ.

Bí orí rẹ̀ ṣe yọ ni ariwo padà. Gbogbo rẹ̀ ló dé lẹ́ẹ̀kan náà: omi, ẹyẹ, mọ́tò lójú títì, bàálù tó ń bọ̀ wálẹ̀ lórí igi. Ó pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tún dojú dé.

Mutmainnah wà lẹ́yìn òkúta náà, òun nìkan.

"Òun dà?" Afeezat béèrè. Ó ń tu omi jáde lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n? Wọ́n ti lọ iwájú. Wọ́n ní kí n dúró dè yín." Mutmainnah ń rẹ́rìn-ín. Omi ń ro lára irun rẹ̀ lábẹ́ akoto. "Àǹtí mi, ẹ rí i bí wọ́n ṣe fà mí yọ?"

"Fà ọ́ yọ níbo?"

"Mo dojú dé ní ìpele kejì. Mo ti rò pé ó ti parí. Wọ́n wá mú mi lọ́rùn ẹ̀wù, wọ́n gbé mi sókè báyìí, pẹ̀lú ọwọ́ kan."

"O ò dojú dé. Mò ń wò ọ́."

"Ẹ ò rí i ni."

Afeezat wo òkè Àtẹ̀gùn. Koríko tí wọ́n ti gbéra ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà ẹsẹ̀.

Kò jẹ́ kí wọ́n lo omi mọ́. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ gba inú ẹrẹ̀ títí wọ́n fi dé etí títì. Ibẹ̀ ló ti tú fóònù rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ìpè mọ́kànlá ni Uthman ti pè. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: *Nọ́ọ̀sì, ẹ má wọ omi o. Mo ní accident. Mò ń dúró de police.*

Agogo mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ló kọ ọ́. Ìgbà náà, wọn ò tíì wọ omi.

Ó pè é. Uthman dáhùn kí fóònù tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Nọ́ọ̀sì! Níbo lẹ wà?"

Orúkọ yẹn mú kí Afeezat jókòó sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Uthman bá wọn níbẹ̀. Iwájú mọ́tò rẹ̀ ti wọlé sínú, ojú rẹ̀ kan wú. Ẹnì kan ló já iná pupa, ó sì kọ lù ú ní oríta kejì, kò tíì kúrò nínú igbó dáadáa. Kẹ̀kẹ́ ṣì wà lẹ́yìn mọ́tò, ó ti ká kò. Afeezat sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Kò ní ọpọlọ rẹ̀ ti rẹ̀. Nígbà tó parí, ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Kí ló pè ọ́?"

"Èwo nínú wọn?"

"Àwọn méjèèjì."

"Èyí tó wà nínú ọkọ̀ ò pè mí ní nǹkan kan. Èkejì pè mí ní oríkì mi."

Uthman mi orí. Ó yíjú sí Mutmainnah. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló sọ fún ẹ?"

Mutmainnah wo ojú títì. "Ó ní mo mọ̀ ọ́n wà."

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Rárá o."

Afeezat mọ ìgbà tí àbúrò rẹ̀ bá ń purọ́.

Wọ́n wakọ̀ padà lọ gbé ọkọ̀ pupa. Ó wà níbi tí Uthman fi í sí, lórí koríko, ṣéènì wà lára rẹ̀, ewé ti já lé e lórí. Inú rẹ̀ gbẹ. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Uthman láti àárọ̀. Lójú ọ̀nà, wọ́n dúró lórí afárá kejì, Uthman sọ̀ kalẹ̀ lọ wo òpó. Ó pẹ́ kó tó gòkè wá.

"Mẹ́rin," ló wí. "Ìlà ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ò kọjá mẹ́rin. Omi yìí ò ga ju báyìí lọ lónìí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Uthman gbé ọkọ̀ pupa fún ẹnì kan tó ń lọ sí Wisconsin. Kò gba kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá parí síbẹ̀, ká ní ẹ̀rù ba Mutmainnah. Ẹ̀rù kò bà á. Ara rẹ̀ yá láti ọjọ́ yẹn. Ó ń jẹun, ó ń kọrin nílé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ó máa ń dákẹ́, á lọ dúró ti fèrèsé. Afeezat yọjú sí fóònù rẹ̀ nígbà kan, ó rò pé ọkùnrin ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ńbà bí odò ṣe ga tó ló ń wò, ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti ìrọ̀lẹ́, ó ti ń wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

"Kí ló sọ fún ẹ níbẹ̀ yẹn?" Afeezat béèrè. "Fi ọlá ìyá wa sọ òótọ́."

Mutmainnah wò ó pẹ̀lú àánú, bí ẹni tó ń wo ọmọdé.

"Ẹ̀yin ló ń dè, Àǹtí mi. Ó ní kí n máa mú yín bọ̀ nígbà tí omi bá kún."

Oṣù karùn-ún parí pẹ̀lú òjò. Ọjọ́ Ajé kan, Afeezat ti ibi iṣẹ́ òru dé ní nǹkan bí agogo méje àárọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Bẹ́ẹ̀dì Mutmainnah ti tẹ́ dáadáa. Kò bọ́ bàtà iṣẹ́, ó sáré. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ilé wọn àti afárá.

Mutmainnah dúró lórí afárá pẹ̀lú aṣọ tó fi sùn, ó di irin mú, ó tẹ̀ síwájú, òjò ń pa á. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lábẹ́ agbòòrùn, wọn ò wò ó. Ìró omi nísàlẹ̀ dàbí ti ọjà.

"Mutmainnah."

"Àǹtí mi, ẹ bọ́ síbí." Kò yíjú. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dùn. "Ẹ wá wò wọ́n. Wọ́n mà pọ̀ o."

Afeezat ti gbé ẹsẹ̀ kan. Ibi tí ojú rẹ̀ fẹ́ lọ, ó mọ̀ ọ́n. Ó di ojú pọ̀. Ó ń ka Áyátúl-Kúrísíyù, ó ń táràrà wá ọwọ́ àbúrò rẹ̀ lára irin. Ó rí i. Ó gbóná. Iṣan rẹ̀ ń lù kìkì lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó fà á.

Bọ́ọ̀sì kan kọjá lórí afárá. Nígbà tí ariwo rẹ̀ lọ tán, Afeezat gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ìró omi. Àjẹ̀ ni. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú wọn, ohùn obìnrin kan pè é jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ kó wá jẹun.

Kò jẹ́ ẹ.

Ó la ojú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ lápá kejì títì. Ó di Mutmainnah mú gírígírí, ó ń wọ́ ọ lọ sílé nínú òjò. Iwájú ni Afeezat ń wò. Mutmainnah ń bojú wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé ọwọ́ tó ṣẹ́kù sókè, bí ẹni tí wọ́n juwọ́ sí tó ń dáhùn.